Ọkọ̀ Kò Sí Nínú Rẹ̀: Bí Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ Létí Òkun Ìlàjẹ

Mo ti mọ Ìgbàgbọ́ àwọn Àpọ́sítélì lórí kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ìdílé Áńgílíkà ni wọ́n bí mi sí. Bí àlùfáà bá ti dẹ́nu lé e, gbogbo ìjọ á dìde, a ó sì máa kà á lọ gbirigbiri bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀ wálé. Bí a bá kan orúkọ Jésù, a ó tẹrí ba díẹ̀, a ó tún máa bá eré lọ. Ohun tí mo ń kà kò yé mi. Pọ́ńtíù Pílátù tí à ń dárúkọ níbẹ̀, ènìyàn méjì ni mo pè é, bíi Táíwò àti Kẹ́hìndé.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan wà ní Igbókòdá nílẹ̀ Ìlàjẹ tó ń ta ẹja gbígbẹ, ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù ni. Wọ́n wá kí wa nígbà ọdún Kérésìmesì kan, wọ́n ní kí n ka Ìgbàgbọ́ kí àwọn gbọ́. Mo kà á tán, mo dúró, mo ń retí owó ọdún.

“O káre. Ọkọ̀ ńkọ́?”

Mo ní, “Ọkọ̀ wo, bàbá?”

“Ọkọ̀ tí Jésù sùn sí tí ìjì fi dé. Ẹja tí wọ́n kó tí àwọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ ya ńkọ́? Adẹ́tẹ̀, afọ́jú, ìyá ìyàwó Pétérù tí ibà dá dùbúlẹ̀? Ẹ̀yin bí I tán, ẹ kàn Án mọ́gi lójú ẹsẹ̀. Níbo lẹ kó èyí tó kù sí?”

Mi ò rí èsì fọ̀. Owó ni mo gbà.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé bàbá yẹn ti fọwọ́ kan ohun tó mú kí ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ rí bó ṣe rí. Ẹ wo Ìgbàgbọ́ náà wò: láti orí ìbí Jésù lọ́wọ́ Màríà, gbólóhùn tó tẹ̀ lé e ti dé ọ̀dọ̀ Pílátù. Ọgbọ̀n ọdún ó lé tí Ó fi gbé ayé, gbogbo ìwàásù Rẹ̀, gbogbo aláìsàn tó wò sàn, wọ́n fò ó dá. Kì í ṣe pé àwọn tó ṣe é gbàgbé. Ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ kì í ṣe àpò tí wọ́n ń kó gbogbo ohun tí ìjọ gbà gbọ́ sí. Ohun tí wọ́n ti jà lé lórí ló ń wọnú rẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò bá jiyàn lé lórí, kí ni wọ́n fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ fún? Àwọn kan wà láyé ọjọ́un tí wọ́n ń sọ pé Jésù kò ní ara gidi, pé òjìji lásán ló ń rìn kiri. Ìyẹn ni ìbí, ìjìyà, ikú àti ìsìnkú ṣe wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì fi orúkọ gómìnà ará Róòmù kan tì í lẹ́yìn kó lè hàn pé ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ayé ni. Kò sẹ́ni tó bá wọn jiyàn lórí ọkọ̀ àti ẹja. Ọkọ̀ àti ẹja bá dúró sí èbúté.

Kí ó tó di ohun tí à ń kà, ìbéèrè ni. Ní Róòmù àtijọ́, ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe ìtẹ̀bọmi fún á dúró sínú omi, wọ́n á bi í bóyá ó gba Baba gbọ́. Bó bá ti ní òun gbà á gbọ́, wọ́n á rì í. Wọ́n á bi í nípa Ọmọ, wọ́n á tún rì í. Lẹ́yìn náà ni Ẹ̀mí Mímọ́. Èsì mẹ́ta yẹn ni wọ́n wá so pọ̀ di ohun kan ṣoṣo tí ẹni tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ lè há sórí. Ìtàn kan tiẹ̀ ń lọ láàárín àwọn àgbà ìjọ pé àwọn àpọ́sítélì méjìlá ló jókòó, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dá gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ìtàn dídùn ni, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe ń kà á lónìí, nǹkan bí ọ̀rúndún kẹjọ ló tó jókòó tán.

Àwọn Gíríìkì ní orúkọ kan fún un tó yẹ kí ọmọ Yorùbá gbọ́ yé kíákíá. Ohun tí wọ́n pè é ni ohun tí ènìyàn méjì fọ́ sí méjì, tí oníkálukú mú apá kan, tó jẹ́ pé bí ìránṣẹ́ bá dé láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n á fi apá tọ̀tún kan tòsì kí wọ́n lè mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ẹni náà ló ti wá lóòótọ́. Àrokò nìyẹn, kò sí orúkọ mìíràn tó yẹ ẹ́. Èdè Látìn ní tirẹ̀ mú ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí “mo gbàgbọ́”, ó sọ ọ́ di orúkọ. Nígbà tí ó wá dé ọ̀dọ̀ tiwa, tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń tú ìwé àdúrà Áńgílíkà sí Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, èdè wa ya ọ̀rọ̀ ìṣe yẹn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì fi ẹni tí a gbà gbọ́ sí àárín: a gbà á, a sì gbọ́. Ẹni tó bá sọ pé òun gba Ọlọ́run gbọ́ ti sọ pé òun tẹ́wọ́ gbà Á, òun sì gbọ́ ohùn Rẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá àwọn atúmọ̀ ro ó dé ibẹ̀ tàbí èdè ló ṣe é fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ti Látìn lọ.

Ìjẹ́wọ́ kejì tí àwọn ìjọ ńláńlá ń kà ni ti Nísíà, ibẹ̀ sì ni ìjà ti hàn gbangba. Àlùfáà kan ní Alẹkisáńdíríà tó ń jẹ́ Arius ń kọ́ni pé Ọlọ́run ló dá Ọmọ, pé ìgbà kan wà tí Ọmọ kò tíì sí. Ẹ̀kọ́ náà ràn bí iná ọyẹ́. Àkọsílẹ̀ àtijọ́ kan sọ pé Arius kọ orin fún àwọn atukọ̀ ojú òkun, fún àwọn tó ń lọ ọkà àti àwọn arìnrìn-àjò, kí ẹ̀kọ́ rẹ̀ lè máa gba ẹnu wọn jáde. (Ẹni tó bá ti gbọ́ bí orin ìjọ ṣe ń dún láti inú ọkọ̀ èrò kan dé òmíràn lórí omi Ìlàjẹ mọ̀ pé ọgbọ́n tó ń ṣiṣẹ́ ni.) Ọba Constantine rí i pé ọ̀rọ̀ náà fẹ́ ya ilẹ̀ ọba òun, ó pe àwọn bíṣọ́ọ̀bù bí 300 jọ sí ìlú Nísíà, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tọ́kì lónìí, ní ọdún 325. Wọ́n wá ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan tí Arius kò ní lè gbé mì, èyí tó sọ pé ohun kan náà ni Baba àti Ọmọ jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kò sí nínú Bíbélì níbì kankan, àwọn kan sì bínú sí i nítorí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kó ṣe nìyẹn: kí ẹni tó bá ń tọ Arius lẹ́yìn kọsẹ̀ lára rẹ̀. Ìpàdé mìíràn ní Kọnsitantinópù ní ọdún 381 fi kún un, pàápàá lórí Ẹ̀mí Mímọ́, nítorí ìjà ti ṣí kúrò lórí Ọmọ dé ibẹ̀. Nígbà tó yá, ìjọ Róòmù fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kún un pé láti ọ̀dọ̀ Ọmọ náà ni Ẹ̀mí ti ń wá. Àwọn ìjọ Ìlà Oòrùn ní ta ló ní kí wọ́n fi kún un? Ó wà lára ohun tó pín wọn níyà títí dòní.

Ti Mùsùlùmí kò gùn rárá. Kálímọ́ ṣàhádà, gbólóhùn méjì péré, ẹni tó bá fi tọkàntọkàn sọ ọ́ ti wọlé. Wọ́n ń fi ìpè àdúrà gbé e sétí ọmọ tuntun, wọ́n sì ń rán ẹni tó ń kú lọ létí rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ kíyè sí i pé kíkọ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀: “kò sí” ló ṣíwájú. Ní Mẹ́kà tí òrìṣà kún inú Káábà nígbà náà, ibẹ̀ ni ìjà wà.

Ẹ jẹ́ ká padà sétí òkun wa. Kí ìwé àdúrà tó dé Ìlàjẹ, kò sẹ́ni tó ń bi ẹnìkejì rẹ̀ pé, “Kí lo gbà gbọ́?” Ìbéèrè tó wà ni pé, “Kí lẹ̀ ń bọ nílé yín? Kí lèèwọ̀ yín?” Ẹni tó ń bọ Málòkun, òrìṣà òkun, kò ní gbólóhùn tí yóò há sórí. Ọjọ́ tí kì í lọ sódò àti oúnjẹ tí kì í jẹ ló ń sọ ẹni tó jẹ́. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ìjọ Aládúrà dé, gbólóhùn àti èèwọ̀ ni wọ́n lò pọ̀. Moses Orímọládé, ọmọ Ìkàrẹ́-Àkókó, àti Abíọ́dún Akínṣọwọ́n, ọmọdébìnrin tó rí ìran l'Ékòó lóṣù kẹfà ọdún 1925, ni wọ́n dá ohun tó di Kérúbù àti Séráfù sílẹ̀, ó sì gbilẹ̀ ní Ìlàjẹ ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ẹ bá mi lọ síbi ìsìn wọn lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹ ó rí ìyá arúgbó kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀. Aṣọ funfun rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó ká etí rẹ̀ sókè díẹ̀ kí omi má tà sí i. Ó mú bàtà rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ lásán ló fi tẹ pákó afárá, pákó náà tutù, ó ń yọ̀, síbẹ̀ kò ní wọ bàtà náà, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ìjọ wọn, aṣọ àdúrà àti bàtà kì í pàdé lára ènìyàn. Ìyá yẹn ò tíì lanu, ṣùgbọ́n gbogbo èrò tó wà ní èbúté ti mọ ohun tó gbà gbọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń jẹ́wọ́.

Irú ìjẹ́wọ́ yìí lágbára, torí pé ènìyàn lè ka ti ìwé kí ọkàn rẹ̀ wà lọ́jà, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn mọ̀ pé òun ń ṣe nǹkan. Àléébù rẹ̀ ni pé bí ìjọ bá pín, kò sí ìwé tí wọ́n lè ṣí láti mọ ẹni tó yà kúrò lọ́nà. Láti ọdún 1929 ni Kérúbù àti Séráfù ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín, wọn ò sì dẹ́kun.

Fún ìjà tó di gbólóhùn gan-an, ìjọ CAC (Christ Apostolic Church) ni ká wò. Nígbà àrùn lùkúlùkú ọdún 1918, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde kóra jọ láti máa gbàdúrà, wọ́n pe ara wọn ní Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Wọ́n ní àdúrà nìkan ló tó fún ìwòsàn, kò sí oògùn, ìbáà ṣe ti ìbílẹ̀ ìbáà ṣe ti òyìnbó. Wọ́n tún kọ ìtẹ̀bọmi ọmọ ọwọ́. Ìyẹn lé wọn kúrò ní Áńgílíkà. Wọ́n bá ìjọ Faith Tabernacle ti Amẹ́ríkà ṣe pọ̀ nítorí pé wọ́n fẹnu kò lórí oògùn, wọ́n tún tú ká. Lẹ́yìn ìsọjí ńlá tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ṣe ní Òkè-Oòyè, Iléṣà, ní ọdún 1930, wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn òyìnbó ìjọ Àpọ́sítélíìkì láti Bìrìtìkó, àwọn yẹn sì dé ní ọdún 1931. Ìjọ àwọn òyìnbó wọ̀nyí ní ìlànà ìgbàgbọ́ tí wọ́n kọ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ìwòsàn láti ọ̀run sì wà nínú rẹ̀. Àwọn tiwa kà á, inú wọn dùn, wọ́n fọwọ́ sí i.

Ẹ̀fọn ló tú àṣírí. Ibà ń bá àwọn òyìnbó jà, wọ́n sì ń lo kuníìnì. Àwọn tiwa bi wọ́n: ṣé ìwòsàn láti ọ̀run tí a jọ fọwọ́ sí nìyí? Àwọn òyìnbó ní ìlànà náà sọ pé Ọlọ́run ń wo ni sàn, kò sọ pé kí ènìyàn má lo oògùn. Ìwé kan náà ni wọ́n jọ ń kà o! Gbólóhùn tí apá kan rò pé ó ti ilẹ̀kùn, apá kejì rò pé ó kàn júwe ilẹ̀kùn ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ló pín wọn níyà nígbà tí ọdún 1930 ń parí lọ. Apá tí Babalọlá, Odùbánjọ, àti Isaac Akínyẹlé tó jọba Olúbàdàn lẹ́yìn náà ṣe aṣáájú rẹ̀ fi orúkọ Christ Apostolic Church forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní ọdún 1943. Ìlànà ìgbàgbọ́ wọn jẹ́ mẹ́tàlá, ìwòsàn láti ọ̀run wà níbẹ̀, ìdámẹ́wàá náà wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ máa bi ara yín ní ìdí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan pé, ta ni wọ́n ń dá lóhùn? Ìwé náà á di ìtàn lójú yín.

Ìwé tún ní iṣẹ́ kan tí àwọn bàbá Nísíà kò ní lọ́kàn. Lónìí ní Nàìjíríà, ìjọ tó bá fẹ́ ní ilẹ̀ àti àpò owó ní orúkọ ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi àwọn onígbọ̀wọ́ rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ ní CAC, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́, ẹ má ṣì í mú fún ìjọ Babalọlá. Òfin kò béèrè ohun tí wọ́n gbà gbọ́, ìwé òfin ẹgbẹ́ àti ohun tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún ló ń béèrè. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìjọ ti ń da ìlànà ìgbàgbọ́ wọn pọ̀ mọ́ ìwé yẹn, ọjọ́ tí ìjà bá sì dé, inú rẹ̀ ni adájọ́ ń wò. Nígbà tí Oschoffa, olùdásílẹ̀ Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá, kú ní ọdún 1985, ohun tí ìwé òfin ìjọ sọ nípa bí wọ́n ṣe ń yan arọ́pò ni wọ́n gbé dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ.

Gbogbo èyí ni mo fi ń bọ̀ wá sí Ayétòrò, nítorí pé òun ni ìjọ tó sún mọ́ wa jù tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò dúró lórí ìwé rárá. Ní oṣù kìíní ọdún 1947, àwọn Aládúrà kan tí wọ́n ń pe ara wọn ní Àpọ́sítélì Mímọ́ ya kúrò láàárín àwọn yòókù, wọ́n lọ kọ́ ìlú tiwọn sórí òpó létí òkun. Ìjà tó lé wọn jáde kò jọ ti Nísíà. Wọ́n kọ̀ láti bá ìlú rúbọ, wọ́n sì tako pípa ìbejì, àwọn aláṣẹ ìlú sì ń fìyà jẹ wọ́n nítorí rẹ̀. Zaccheus Okenla di ọba wọn àkọ́kọ́, ó ń jẹ́ Ogeloyinbo. Ọba náà ni olórí ìjọ. Wọ́n ka Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí kejì àti ìkẹrin, níbi tí àwọn onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ ti ń fi ohun ìní wọn ṣe àpapọ̀. Gbogbo ìjọ ló ń ka orí yẹn. Àwọn ará Ayétòrò ṣe é.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Kò sí owó láàárín ara wọn. Apẹja tó bá ti òkun dé, ẹja rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Aṣọ tí wọ́n hun, bàtà tí wọ́n rán, ọkọ̀ tí wọ́n kàn, bí wọ́n bá tà á fún ará ìta, àpò kan ni owó rẹ̀ ń wọ̀, àpò yẹn ló sì ń bọ́ gbogbo wọn, tó ń wọ̀ wọ́n láṣọ. Ọkùnrin ní apá tiwọn nínú ìlú, obìnrin ní tiwọn. Iṣẹ́ ò gbọdọ̀ dúró. Ìlú ẹlẹ́ja yìí ti tan iná mànàmáná ní ọdún 1953, nígbà tí àtùpà elépo ṣì ń jó nínú ọ̀pọ̀ ìlú ńlá lókè ilẹ̀. Stanley Barrett, ọmọ Kánádà tó lọ gbé láàárín wọn láti kọ́ nípa ìgbé ayé wọn, kọ ìwé lé wọn lórí ní ọdún 1977. Ó fi orúkọ ìlú pamọ́. Orúkọ tó fún un dípò rẹ̀ ni Olowo, ẹ̀rín sì pa mí nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i.

Nínú ìwé yẹn ni ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù wà: àwọn àpọ́sítélì náà gbà gbọ́ pé àwọn kò ní kú. Kì í ṣe pé wọ́n á jíǹde lẹ́yìn ikú, èyí tí gbogbo ìjọ ń jẹ́wọ́. Wọ́n ní àwọn kò ní kú rárá. Gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kò ṣe é kọ sílẹ̀ kí wọ́n máa kà á lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, nítorí pé ọjọ́ kan ṣoṣo ló máa fi hàn bóyá òótọ́ ni. Ikú sì wọ ìlú, bó ṣe ń wọ ìlú gbogbo. Nígbà tó di ìparí àwọn ọdún 1960, wọ́n ti gbà kí oníkálukú máa ṣiṣẹ́ tara rẹ̀, kó sì máa tọ́jú owó rẹ̀.

Ibi tí ìjẹ́wọ́ inú ìwé àti ìjẹ́wọ́ inú ìwà ti yàtọ̀ jù nìyí. Ìgbàgbọ́ Nísíà pé 1,700 ọdún ní 2025. Láàárín ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ ìjọ ti sùn lọ fọnfọn pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́nu, wọ́n tún jí, wọ́n bá a níbi tí wọ́n gbé e sí. Ti Ayétòrò kò ní ibi tí wọ́n lè gbé e sí. Ọjọ́ tí apẹja àkọ́kọ́ gbé ẹja rẹ̀ lọ sílé ara rẹ̀ láìsí ẹni tó bá a wí, gbólóhùn kan ti kúrò nínú ìgbàgbọ́ náà, kò sì sí ìpàdé bíṣọ́ọ̀bù kankan tó yọ ọ́.

Ìlú náà ṣì wà, ìjọ náà ṣì wà, wọ́n ṣì ń jọba. Ṣùgbọ́n láti bí ogún ọdún sẹ́yìn ni òkun ti ń ya wọ̀lú, ó ti gba ilé, ó ti gba ilé ìwòsàn, ó ti gba ojú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń fi ìgbàgbọ́ wọn ṣiṣẹ́ ṣe ti wà lábẹ́ omi. Bí ẹ bá bi àgbàlagbà kan níbẹ̀ pé níbo ni ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán bàtà wà, ẹ má retí kó mú yín lọ síbì kankan. Ojú òkun ló máa nàka sí, níbi tí ìgbì ti ń fọ́.